Ẹni Tí A Fi Ń Dẹ́rù Ba Àkànbí

Ilé tí a ń gbé ní Ṣàngó, ní ìlú Ìlọrin, kì í ṣe ilé ńlá. Àwọn yàrá rẹ̀ kọjú sí ara wọn ní ọ̀tún àti ní òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la àárín wọn kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kànga wà lábẹ́ igi máńgòrò. Àlejò ni wá nínú ìlú náà. Òmù-Àrán ni àwọn òbí mi ti wá, iṣẹ́ ọba ló gbé wọn dé ibẹ̀. Ohùn ni mo fi ń rántí ilé yẹn ju bí mo ti ń rántí ìrísí rẹ̀ lọ. Ní ìdájí, a ó gbọ́ ìpè ìrun àsùbáà láti mọ́sáláṣí. Kò ní pẹ́ tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, yóò fi wúkọ́ nínú yàrá rẹ̀, tí yóò sì dá orin ìsìn tirẹ̀ bí ẹni pé ẹni tó pe ìrun ló bi í ní ìbéèrè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ọmọ ilé-kéwú tó múlé tì wá yóò gbé pátákó wàláà wọn lé orúnkún, wọn yóò sì máa ké e lóhùn kan náà, tí ohùn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa sáré tẹ̀lé ti àwọn tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni igi ìhunṣọ Ìyá Ràbí, aya Àlùfáà tó ni ilé-kéwú ọ̀hún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì, gbì, gbì, nítorí aṣọ òfì ni obìnrin náà ń hun. Ìró yẹn ni Màmá fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí n ti pọn omi kún àmù, kí n sì ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí igi bá ti ń dún tí Ìyá Ràbí kò sì tíì gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ mi, yóò pariwo láti ìhà kejì odi pé, "Àṣàkẹ́, ṣé kí n wá bá ẹ gbá a ni?"

Ohùn bàbá mi kò sí láàárín àwọn ohùn wọ̀nyí. Dókítà ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun nílò oníṣègùn, ó sì bá wọn lọ. Oyún àbúrò mi wà nínú Màmá nígbà náà. Ìyá Àgbà ló gbé ọmọ náà jáde ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, òun náà ló fún un ní oríkì tí a fi ń pè é, Àkànbí. Ní ojú àbúrò mi yìí, Bàbá ni fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀: ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó de táì, tó fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tí kò tíì rẹ́rìn-ín tán. Ní gbogbo alẹ́, bí a bá ti gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú Bàbá bọ̀, Màmá yóò gbé e sókè níwájú fọ́tò náà, yóò ní, "Sọ fún Bàbá pé ó dàárọ̀." Àkànbí yóò fi ọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀, yóò ní, "Bàbá, ó dàárọ̀ o." Ó fẹ́ràn fọ́tò náà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi bá àkàrà lára gíláàsì náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti fi bọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí kì í fẹ́ jẹun ni, Ìyá Àgbà sì gbà pé oúnjẹ tí ọmọ kò bá jẹ, àìsàn ni yóò jẹ ẹ́ padà. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ṣójà máa ń gba ọ̀nà ńlá kọjá lákòókò náà, ariwo wọn a sì máa dé inú ilé wa. Kò sí ọmọ tí kò bẹ̀rù ṣójà, kò sì sí èyí tí kò bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Bí Àkànbí bá ti pa ẹnu dé mọ́ ẹ̀kọ, Ìyá Àgbà yóò dẹ etí sí ìta, yóò ranjú, yóò ní, "Ha! Ṣójà ń bọ̀ o! Gbé e mì kíá!" Bí ìyẹn kò bá ràn án, yóò ní, "Dókítà ló ń bọ̀ yìí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn tó apá mi." Nígbà tó yá, ó pa àwọn méjèèjì pọ̀ di ẹnìkan ṣoṣo, Dókítà Ṣójà, ẹ̀kọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere. Gbogbo wa la gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ń lò ó bí mo bá fẹ́ kí Àkànbí kúrò lórí ẹní mi. Ìyá Ràbí ń lò ó bí Àkànbí bá ń fa òwú rẹ̀ já. Màmá pàápàá, tí ó jẹ́ olùkọ́, tí ó sì yẹ kí ó mọ̀, a máa lò ó bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹnìkan tó ronú kàn án pé ẹni tí a ń gbàdúrà fún ní alẹ́ ni a ń sọ di iwin ní àárọ̀. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà wá, n kò sì rí ìkà kankan nínú rẹ̀. Bàbá tí a ń retí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú ọkàn wa, kò sì wọ aṣọ ogun. Bàbá lásán ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ó dé, nínú ọyẹ́, lẹ́yìn tí ogun ti parí. Èmi àti Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àkànbí jókòó sáàárín wa, ó ń ju èyí tí a ti ṣà tán padà sáàárín èyí tí a kò tíì ṣà. Ọkùnrin kan yọ ní ẹnu ọ̀nà. Kaakí ló wọ̀ látòkè délẹ̀, bàtà ńlá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé báàgì dúdú tí àwọn dókítà máa ń gbé dání. Ìyá Àgbà dìde, atẹ dànù. "Àyìndé!" Ó nawọ́ sí i. "Àyìndé mi!" Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹ̀wà. Èmi wo ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n. Àkànbí kò wo ojú. Ó wo aṣọ, ó wo bàtà, ó wo báàgì, ó sì figbe ta: "Ó ti dé o! Dókítà Ṣójà ti dé o! Mo ti jẹun o! Mo ti jẹun tán o!" Ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó wà lọ́dọ̀ ògiri lọ́hùn-ún. Màmá, tí ó ti sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, tí ó ń sunkún tí ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀, kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. "Àkànbí, jáde wá. Bàbá rẹ ló dé."

"Irọ́ ni! Bàbá wà lára ògiri!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ni ń jẹ́ Dókítà Ṣójà?" Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà nílẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà. Ìyá Ràbí, tí igbe ti mú wọlé, ló gba ọ̀rọ̀ sọ: "Alihamdulilahi, Dókítà, ẹ kú àbọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn… ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún yín lómi mu ná."

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un tán, kò bínú. Ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ náà sì tún sún sẹ́yìn sí i. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ kejì, ó ti gbé kaakí àti bàtà sínú àpótí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan nínú ìlú. Ibẹ̀ ló ń fi báàgì rẹ̀ sí, a kò tún rí báàgì náà nílé mọ́. Ó máa ń fọ ọwọ́ títí dé apá kí ó tó wọlé, kí òórùn sípírítì má baà ta Àkànbí nímú. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí dẹ́rù ba ọmọ mi mọ́."

"Ẹyin lohùn, Àyìndé," ni Ìyá Àgbà wí. "Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

"Èmi wá di ẹlẹ́dẹ̀, Màmá?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ tó rọra wọgbà sàn ju ṣójà tó já wọ̀ ọ́ lọ."

Oúnjẹ ni ó gbà wọgbà. Ní ilé wa, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ ilé ìgbà náà, bàbá kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ó máa ń fi òkèlè díẹ̀ àti ẹran sílẹ̀ sínú àwo, àbíkẹ́yìn ló sì ni àjẹkù yẹn. Ẹ̀tọ́ ni. Ọmọ tó ni ín yóò jókòó sí tòsí, yóò máa ka òkèlè lójú bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bá a dù ú. Àkànbí kò jókòó sí tòsí. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń wo iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Bàbá kò pè é. Yóò jẹun rẹ̀, yóò fi ẹran tó dára jù lọ sílẹ̀, yóò fọ ọwọ́, yóò sì dìde. Màmá yóò fi nǹkan bo àwo náà, yóò sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ de Àkànbí. Èmi fẹ́ràn ẹran yẹn púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú tí Bàbá fi wò mí ní ọjọ́ tí mo na ọwọ́ sí i kò jẹ́ kí n tún dán an wò. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́, Àkànbí yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ bí alákàn, ó mú ẹran, ó sá. Bàbá ń ka ìwé ìròyìn, kò gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìwé náà dorí kodò lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, jíjìnnà wọn sí ara wọn ń dín kù. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọmọ náà jẹ ẹran tán, oorun gbé e, ó sì fi ẹ̀yìn ti orúnkún bàbá rẹ̀. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Màmá lọ dá a lóhùn lọ́ọ̀kán, mo sì gbọ́ tí ó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀. Dókítà kò lè dìde. Ọmọ rẹ̀ ń sùn lé e lẹ́sẹ̀."

Síbẹ̀, kò pè é ní Bàbá. "Ọkùnrin yẹn ti dé," ni ó máa ń wí fún Màmá bí ó bá gbọ́ ìró mọ́tò. Ní alẹ́, yóò ṣì fọwọ́ kan gíláàsì ara ògiri, yóò kí fọ́tò náà pé ó dàárọ̀, ẹni tó ni fọ́tò yóò sì jókòó lábẹ́ rẹ̀ gan-an, yóò máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Màmá fẹ́ yọ fọ́tò náà kúrò, Bàbá kọ̀. "Fi í sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ni." Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí bàbá mi jẹ́ nígbà náà lọ báyìí, mo sì ti bí ọmọ tèmi, mo mọ ohun tí ìdáhùn yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ti rí ohun tó rí lójú ogun, tí kì í sì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ayé ní ọdún yẹn bí kò ṣe kí ọmọ tí kò ju ìbàdí rẹ̀ lọ fi ẹnu ara rẹ̀ pè é.

Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ajá bu Àkànbí jẹ. Ó ń ṣeré níwájú ilé Ìyá Ràbí nígbà tí ajá kan tí a kò mọ olówó rẹ̀ sáré já wọ àdúgbò, itọ́ ń ṣe yọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Ràbí fi igi ìhunṣọ lù ú, ṣùgbọ́n ó ti gbé eyín sí ọmọ náà ní itan. Àwọn ọkùnrin àdúgbò lé e bá, wọ́n sì pa á. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá níbi iṣẹ́. Ó dé, ó lọ wo òkú ajá, kí ó tó wọlé wá wo ọmọ. Mo rò pé ọ̀dájú ni nígbà náà. Lẹ́yìn náà ó fi ọṣẹ àti omi kànga fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi hunjọ. "Dìgbòlugi ni," ó wí fún Màmá. "Bí àìsàn rẹ̀ bá fi lè bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ, kò sí oògùn rẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wà tí kò ní jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀." Lónìí, apá ni a ń gún irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ sí, kò sì pọ̀. Nígbà náà, ikùn ni, lójoojúmọ́, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé oníṣègùn kì í tọ́jú ọmọ ara rẹ̀, nítorí náà ó dúró síta ní ọjọ́ kìíní, nọ́ọ̀sì ló gún un. Nọ́ọ̀sì náà kò ṣe ohun tí kò dára. Ó wí fún ọmọ pé kò ní dùn ún, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ti ń wí. Nígbà tí Àkànbí rí abẹ́rẹ́, ó jà débi pé àwọn ọkùnrin ní láti dì í mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ bí àgbò Iléyá, ariwo rẹ̀ sì jáde dé ibi tí bàbá rẹ̀ dúró sí. Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá wí pé òun ni yóò máa gún un láti ọjọ́ kejì lọ, nínú ilé wa.

Màmá gbé ọwọ́ lérí, ó sì fi orúkọ àbísọ tèmi pè é. "Bàbá Fúnmi, ẹ dákun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sún mọ́ yín ni. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa gún un, kí ẹ̀yin máa gbé e mọ́ra bí wọ́n bá gún un tán. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá bá ọmọ wí, òsì ni à ń fi fà á mọ́ra. Ẹ jẹ́ ọwọ́ òsì."

"Ara kan náà ni ọwọ́ méjèèjì wà, Ìyá Fúnmi."

"Kò ní mọ ìyẹn! Ohun tí a ti sọ fún un pé ẹ jẹ́ náà ni ẹ fẹ́ lọ fi ojú rẹ̀ rí yìí. Kò tún ní wá sí ọ̀dọ̀ yín mọ́."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ igbe rẹ̀ lónìí. Bí wọ́n bá ń dì í mú báyẹn, abẹ́rẹ́ lè ṣe é léṣe, tàbí kí oògùn má wọlé dáadáa. Ọwọ́ mi fúyẹ́ ju tiwọn lọ. Tí mo bá wá fi í sílẹ̀ fún wọn kí ó lè fẹ́ràn mi, ara mi ni mo fẹ́ràn." Màmá wo Ìyá Àgbà pé kí ó bá òun sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà mi orí. "Ẹ̀yin tọkọtaya ni ó ni ọmọ," ó wí. "Èmi yóò máa gbà á bí wọ́n bá ti gún un tán."

Ìró tuntun wọ ilé wa. Ní gbogbo àárọ̀, bí igi ìhunṣọ Ìyá Ràbí bá ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá yóò tan sítóòfù, yóò gbé ìkòkò kékeré ka orí rẹ̀, yóò sì se abẹ́rẹ́ àti ìgò tí ó fi ń fa oògùn nínú omi. Bí omi bá ti hó, gíláàsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara ìkòkò, ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́, Àkànbí yóò sì mọ̀ pé ó ti yá. Igi ìhunṣọ náà a sì máa dákẹ́ títí abẹ́rẹ́ yóò fi parí. Bàbá kò purọ́ fún un rí. "Abẹ́rẹ́ ni mo mú wá," ni yóò wí, bí ó ti jókòó lórí ẹní níwájú rẹ̀. "Yóò dùn ẹ́. Kò ní pẹ́. Bí mo bá ní ó ti tán, ó ti tán nìyẹn." Lẹ́yìn náà ni yóò bi í léèrè, bí àgbà ti ń bi àgbà: "Ọ̀tún ni, àbí òsì?" Ọmọ náà, tí ó ń gbọ̀n, yóò wo ikùn ara rẹ̀, yóò sì fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ìdodo tí ó yàn. Ibẹ̀ gan-an ni bàbá rẹ̀ yóò gún. Màmá nìkan ni ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, nígbà tó sì yá, kò dì í mú mọ́.

Àmọ́ ó ń sunkún. Ẹni tí nǹkan bá dùn ní ilẹ̀ wa, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ló ń ké pè, ìgbà mìíràn sì wà tí òun fúnra rẹ̀ kì í mọ ẹni náà títí igbe yóò fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, igbe tí Àkànbí ń ké ni pé, "Ìyá Àgbà o! Màmá o! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí!" Bí abẹ́rẹ́ bá ti jáde, yóò fò sí ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, tí yóò ti ṣí ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí àpótí ìjókòó, yóò sì fi orí pamọ́ síbẹ̀. Kò tún wá jẹ àjẹkù mọ́. Bàbá ń fi ẹran sílẹ̀ ní alẹ́, ó ń tan sítóòfù ní àárọ̀. Ó rù sí i ní ọ̀sẹ̀ yẹn ju bí ó ti rù nígbà tó ti ojú ogun dé lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a parí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí kò wú lára ikùn Àkànbí mọ́. "Ọ̀tún ni, àbí òsì?" Ọmọ náà wá ibi tí yóò fi ìka kàn, kò rí i, ó sì fi ìka kan ibì kan ṣá. Bàbá fi òwú nù ún, ó gún un. Ó dun ọmọ náà ju ti gbogbo ìgbà lọ. Gbogbo ara rẹ̀ le gbandi, ó ya ẹnu, kò sì rí ohùn; lẹ́yìn náà ni ohùn dé:

"Bàbá o! Bàbá mi o! Ẹ gbà mí o!"

Ojú rẹ̀ kò sí lára ògiri. Ojú ọkùnrin tó ń gún un ló ń wò, aṣọ ọkùnrin náà ni ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá kò fa abẹ́rẹ́ náà yọ. "Mo wà níbí, Àkànbí. Bàbá wà níbí. Ó kù díẹ̀." Ó rọra ti oògùn náà wọlé tán, kò kánjú, ó sì fa abẹ́rẹ́ yọ. "Ó ti tán."

Ìyá Àgbà ti ṣí ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àkànbí kò wẹ̀yìn wò. Ó gun àyà bàbá rẹ̀, ó so mọ́ ọrùn rẹ̀, ó sì ń rojọ́ abẹ́rẹ́ náà fún un létí, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gún òun. Bàbá fi apá kan gbá a mọ́ra, ó na apá kejì sókè jìnnà sí i, abẹ́rẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó sì ká ìborùn rẹ̀ padà lé èjìká.

"Àṣàkẹ́," ó wí, "rọra gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ bàbá rẹ, fi í sínú ìkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ ò ráyè."